'Dissent': Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì Kan Tó Ti Ẹ̀wọ̀n Dé Orí Àga Adájọ́



Nínú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ wa ń gbé wálé láti ilé ìwé, àwọn kan wà tí àwa òbí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn. 'Disagree' wà nínú wọn, 'argue' náà wà níbẹ̀. Èyí tó wúwo jù nínú wọn ni 'dissent'. A kì í gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Inú ìwé òfin, ìwé ìtàn àti ìròyìn ni a ti sábà ń bá a pàdé. Bí a bá bi ènìyàn léèrè ohun tó túmọ̀ sí, yóò ní àìgbà ni, tàbí àtakò. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò kún. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni kí a tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ibi tó ti ṣẹ̀, kí a rí bí ọ̀rọ̀ tó ń sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n láyé àtijọ́ ṣe di ohun tí adájọ́ ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí pẹ̀lú iyì. A ó tún rí i pé ìtàn náà gba Èkó àti Ìbàdàn kọjá, àti pé ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún ilé wa àti fún ẹgbẹ́ wa lẹ́yìn odi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀

Látinú èdè Látìnì ni 'dissent' ti wá. Ọ̀rọ̀ náà 'sentire' ni kí ènìyàn mọ nǹkan lára, tàbí kí ó ro nǹkan lọ́kàn. 'Dis' tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ nípa ìyàtọ̀ àti ìpínyà. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ó di kí ọkàn ẹni yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Ó ní ọmọ ìyá méjì: 'consent', èyí tí í ṣe kí ọkàn pọ̀ sí ojú kan, àti 'assent', èyí tí í ṣe kí ọkàn tẹ̀ sí ohun tí wọ́n gbé síwájú ẹni. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ẹ kíyè sí i pé ọkàn ni àwọn ará Látìnì wò kí wọ́n tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn àti ẹnu ni àwa Yorùbá máa ń wò. A máa ń sọ pé àwọn ènìyàn fohùn ṣọ̀kan, pé wọ́n pa ohùn pọ̀, pé ẹnu wọn kò lórí ọ̀rọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ní ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Ohun tí etí gbọ́ ni à ń dá lẹ́jọ́, nítorí pé inú jìn, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí tilẹ̀ ti inú ọkàn bẹ̀rẹ̀, kò pé títí yóò fi jáde lẹ́nu. Ẹni tó bínú nínú ìpàdé tí kò sọ̀rọ̀, tó wá délé tó ń ráhùn fún aya rẹ̀, kò tíì ṣe 'dissent' kankan. Níbi ẹnu ni èdè méjèèjì ti pàdé.

Bí a ṣe ń lò ó

Ọ̀rọ̀ kékeré tí 'dissent' máa ń mú lọ́wọ́ ni 'from', èyí tó túmọ̀ sí 'láti' tàbí 'kúrò nínú'. Ènìyàn a máa 'dissent from' ìpinnu, tàbí èrò, tàbí ohùn àwọn tó pọ̀ jù. 'Disagree' ní tirẹ̀, 'with' ló ń mú. Ènìyàn méjì péré lè 'disagree' nínú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì lórí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Oúnjẹ pàápàá lè 'disagree' pẹ̀lú ènìyàn, bí ikùn bá kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ tó lè ṣe 'dissent', nítorí pé oúnjẹ kì í jókòó sí ìgbìmọ̀. 'Object' a máa mú 'to', ohun tó sì sábà ń ṣe ni kí ó na ọwọ́ sókè láti dá nǹkan dúró. 'Refuse' ni kí ènìyàn kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní ṣe é.

'Dissent' yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Bí a bá tú u palẹ̀, nǹkan mẹ́rin ni a ó bá nínú rẹ̀. Èkíní, ìpéjọpọ̀ kan wà, bóyá ìjọ, ìgbìmọ̀ tàbí kóòtù. Èkejì, àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti ní ohùn kan. Ẹ̀kẹta, ẹnìkan tàbí àwọn díẹ̀ rí ọ̀ràn náà lọ́nà mìíràn, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ̀kẹrin, ẹni náà ṣì jẹ́ ọmọ ilé: kò sọ òkúta, kò sì sọ pé ìpinnu náà kì í ṣe ìpinnu. Ohun tó ń sọ ni pé, 'Ẹ ti pinnu, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn tèmi kò sí níbẹ̀.' Nítorí náà, ìjà kọ́ ni, ọ̀tẹ̀ kọ́ ni, àìgbọràn kọ́ sì ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀kan dá ara wa lẹ́rìn-ín. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni etí ṣe ń gbọ́ 'dissent' àti 'descent', èyí tó túmọ̀ sí ìran tí a ti ṣẹ̀ wá. Inú gbólóhùn nìkan ni a ti lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí ọmọ wa bá wí fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun jẹ́ 'of Yoruba descent', kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ sí pé ó ti kẹ̀yìn sí Yorùbá o! 'Decent' sì tún wà, ìyẹn ọmọlúàbí; òun ní tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń tẹ̀ ẹ́, nígbà tí àwọn méjì ìṣáájú jẹ́ pé ìparí ni a ti ń tẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí ó ń gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n

Inú ọ̀ràn ẹ̀sìn ni 'dissent' ti kọ́kọ́ di orúkọ tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ní 1660, Ọba Charles Kejì padà sórí ìtẹ́ lẹ́yìn ogun abẹ́lé àti àwọn ọdún tí kò fi sí ọba. Ní 1662, ìjọba ṣe òfin pé gbogbo àlùfáà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ìjọ pé òun fi 'assent' àti 'consent' òun sí gbogbo ohun tó wà nínú ìwé àdúrà Ìjọ Áńgílíkà. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ ìyá 'dissent' méjèèjì ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá ìdíwọ̀n. Ọjọ́ 24 oṣù Ògọ́ọ̀sì ni gbèdéke. Láàrin 1660 sí 1662, nǹkan bí 2,000 àlùfáà ló pàdánù ipò wọn, nítorí wọn kò lè fi ẹnu sọ ohun tí ọkàn wọn kò gbà. Àwọn àti àwọn ọmọ ìjọ tó tẹ̀ lé wọn ni wọ́n wá ń pè ní 'Dissenters'.

Òfin mìíràn tún tẹ̀ lé e. Ti 1664 ní kò gbọdọ̀ sí ìsìn tó yàtọ̀ sí ti Ìjọ Áńgílíkà tí àlejò tó wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn ará ilé, yóò tó márùn-ún. Ti 1665 lé àwọn àlùfáà náà jìnnà ní máìlì márùn-ún sí ìlú tí wọ́n ti wàásù rí. Ẹni tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ jù nínú àwọn tí ìyà náà jẹ ni John Bunyan, oníwàásù kan ní agbègbè Bedford. Ó ti wà lẹ́wọ̀n kí òfin 1662 tó jáde, nítorí pé òfin àtijọ́ kan ni wọ́n fi mú un ní 1660. Wọ́n ní bó bá lè ṣèlérí pé òun kò ní wàásù mọ́, kí ó máa lọ sílé. Kò ṣèlérí náà. Ó lo ọdún 12 níbẹ̀, títí di 1672. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tó jáde ní 1678, èyí tí David Hinderer, míṣọ́nnárì ní Ìbàdàn, túmọ̀ sí èdè wa ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún pẹ̀lú orúkọ náà Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Àwọn òbí àti òbí wa àgbà tó kà á nílé ìwé ọjọ́ ìsinmi ń jẹ nínú èso 'dissent', bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Ní 1689 ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà wọ inú ìwé òfin pẹ̀lú ojú rere. Àkọlé òfin ọdún náà sọ nípa àwọn ọmọ abẹ́ Ọba, ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì, tí wọ́n ń 'dissent from' Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ìjìyà àwọn òfin kan. Wọ́n lè sìn ní ilé ìsìn tí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: wọ́n yàtọ̀ sí ìjọ, síbẹ̀ ọmọ abẹ́ Ọba ni wọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́, òfin gbà pé ènìyàn lè yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú ti ọ̀pọ̀ kí ó má sì di ọ̀tá ìlú.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò ṣí tán. Òfin 1689 kò kan àwọn Kátólíìkì. Òfin tó ń dí àwọn Dissenters lọ́nà ipò ìjọba kò kúrò nílẹ̀ títí di 1828. Ẹni tí kò bá gba ẹ̀kọ́ Ìjọ Áńgílíkà kò lè gboyè ní Oxford tàbí Cambridge fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí kan nìyí tí wọ́n fi dá yunifásítì sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1826 láìbéèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. 1871 ni òfin tó palẹ̀ ìdíwọ́ Oxford àti Cambridge mọ́. Ẹ ka ọdún láti 1662 sí 1871, ó lé ní 200. Ọ̀tọ̀ ni kí a yọ̀ǹda fún ènìyàn láti mí, ọ̀tọ̀ ni kí a fún un ní àga.

Ọ̀rọ̀ ìjọ yìí dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Àwọn Onítẹ̀bọmi wà lára àwọn Dissenters ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọ wọn tó ti fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló rán Thomas Bowen, ẹni tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850. Ní 1888, àwọn ọmọ ìjọ náà ní Èkó rí i pé ọ̀nà tí àwọn míṣọ́nnárì fi ń darí wọn kò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́. Wọ́n kúrò, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀. Mojola Agbebi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Brown Vincent nígbà náà, wà nínú àwọn aṣáájú wọn. Ní 1914, apá méjèèjì tún pàdé nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Agbebi yìí kan náà ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n ti rí bí olóríkunkun ni wọ́n wá fi ṣe olórí.

Nígbà tí ó gun orí àga adájọ́

Inú kóòtù ni 'dissent' ti wá rí iyì tó ní lónìí. Nínú ètò ìdájọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí adájọ́ púpọ̀ bá jọ gbọ́ ẹjọ́ kan, ìdájọ́ àwọn tó pọ̀ jù ni yóò múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá bá wọn gbà lè kọ tirẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kan náà pẹ̀lú tiwọn.

Àpẹẹrẹ tí a yàn bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ní 1925, ìjọba amúnisìn rọ Ọba Ẹ̀ṣùgbàyí Elékò lóyè, wọ́n sì lé wọn lọ sí Ọ̀yọ́. Herbert Macaulay àti ọ̀pọ̀ ará Èkó kò gbà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà láti kóòtù dé kóòtù títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Privy Council. Ní 1931, Lord Atkin ló sọ ìpinnu ìgbìmọ̀ náà: òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan òmìnira ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àfi bó bá lè fi hàn níwájú ilé-ẹjọ́ pé òfin fún òun láṣẹ, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ sá fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìjọba ló wà níwájú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Kábíyèsí padà sí Èkó.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1941, ogun àgbáyé kejì ń jó lọ́wọ́. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Sir John Anderson, ti fi òfin ogun ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Liversidge mọ́lé. Òfin náà ní mínísítà gbọ́dọ̀ ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Liversidge ní kí ilé-ẹjọ́ béèrè ìdí náà. Adájọ́ àgbà márùn-ún ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Mẹ́rin ní ó tó bí mínísítà bá ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ní ìdí. Lord Atkin nìkan ló ní rárá: bí òfin bá ní kí ìdí wà, kóòtù gbọ́dọ̀ lè wò ó bóyá ó wà lóòótọ́, ogun ìbáà máa jà. Olórí àwọn adájọ́ ìgbà náà, Lord Simon, kọ̀wé sí i pé kí ó yọ àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan kúrò nínú ìdájọ́ rẹ̀. Kò yọ wọ́n. Atkin kú ní 1944 láìrí i kí ohùn rẹ̀ borí. 1979 ni Lord Diplock tó sọ ní gbangba, láti orí àga àwọn adájọ́ àgbà kan náà, pé àwọn mẹ́rin ni wọ́n ṣìnà ní 1941. Òfin tí ó gba Ọba Èkó sílẹ̀ ni Atkin dúró tì, bó tilẹ̀ ku òun nìkan.

1962: ilé kan, kóòtù kan

Ọ̀rọ̀ tó kàn báyìí ṣì ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n a kò kọ ọ́ láti tún ìjà àná jà. Ní 1962, ohùn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá kò ṣọ̀kan mọ́ nínú ẹgbẹ́ Action Group. Aṣòfin 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, fi ìwé náà yọ ọ́ nípò olórí ìjọba ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì fi Olóyè Dáúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pàdé ní Ìbàdàn kí wọ́n lè fi ìbò yanjú rẹ̀. Kàkà kí wọ́n ka ìbò, àga ni wọ́n ń jù. Ọlọ́pàá da tajútajú sílé, wọ́n sì ti ilé náà pa. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó lórí ilẹ̀ tó ti ń ṣe ìjọba ara rẹ̀.

Ọ̀ràn kan náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ ní ọdún kan náà. Ìbéèrè náà ni pé: ǹjẹ́ Gómìnà lè yọ olórí ìjọba nítorí ìwé, láìjẹ́ pé wọ́n dìbò nínú Ilé? Àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù ní kò lè ṣe é. Adájọ́ Lionel Brett nìkan ló yọ ohùn rẹ̀ kúrò. Ó ní ohun tí òfin wí ni pé bó bá hàn sí Gómìnà. Kò sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni nǹkan fi lè hàn sí i. Ẹjọ́ náà lọ sí Privy Council, ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1963 wọ́n sì ṣe ìdájọ́ tó bá ti Brett mu. Ṣùgbọ́n ìbàdí àjà ti já: Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yára yí òfin padà, wọ́n mú agbára àyípadà náà padà sẹ́yìn dé 1960, Akíntọ́lá sì wà nípò rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni èyí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ohùn ti yàtọ̀ lé lórí níbi méjì. Nínú Ilé Aṣòfin, ìyàtọ̀ ohùn náà kò rí ibi jókòó sí. Ó di àga tí ń fò, ó di tajútajú, ó sì ṣí ọ̀nà fún Wẹ́tìẹ̀ ti 1965, nígbà tí epo pẹtiróòlù àti iná wọ ìgboro. Akíntọ́lá fúnra rẹ̀ bá ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Kìíní 1966 lọ. Nínú kóòtù, Brett kọ tirẹ̀ sórí ìwé, ó fọwọ́ sí i, kò sì sí ẹni tí ó farapa. Kì í ṣe pé àwọn adájọ́ kò lè bínú. Àga wà nílẹ̀ fún ẹni tí ohùn rẹ̀ bá yàtọ̀, kò sì sí ìdí láti gbé e jù.

Ẹni tí kò borí, tí kò sì lọ

Ọdún 17 lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà tún padà wá. Nínú ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ 1979, òfin ní ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni Nàìjíríà ní nígbà náà. Alhaji Shehu Shagari ló ní ìbò jù. Ó ní ìdá mẹ́rin náà ní ìpínlẹ̀ 12, kò ní in ní ìkẹtàlá, ìyẹn Kano. Ǹjẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 13, tàbí 12 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan? Awólọ́wọ̀ gbé e lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, adájọ́ méje ti Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ìdájọ́. Nínú àwọn méje, Kayode Eso ọmọ Iléṣà nìkan ló ní kí wọ́n gba ẹjọ́ Awólọ́wọ̀. Lójú tirẹ̀, ìpínlẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń là sí wẹ́wẹ́. 13 ni òfin ń wí. Eso yìí náà ni adájọ́ tó dá Wọlé Ṣóyínká sílẹ̀ ní 1965 nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn.

Wọ́n búra fún Shagari ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Eso kò kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì lé e. Ó bá wọn jókòó, ó ń bá wọn dájọ́ lọ, títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1990. Títí tó fi kú ní 2012, kò sí kóòtù tó ní ìdájọ́ rẹ̀ ti 1979 ló borí. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ òfin ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ kà á. 'Dissent' kò nílò kí ó borí kó tó wúlò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà, kí ó sì rí àmì ẹsẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún ilé wa

Kí ni a wá lè pe 'dissent' ní Yorùbá? Àtakò le jù. Ìyapa ti kọjá ibẹ̀, nítorí ẹni tó yapa ti lọ. Iyàn jíjà kéré jù. Èyí tí a rò pé ó sún mọ́ ọn jù ni kí a sọ pé ẹnìkan yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú ìpinnu. Ó gbé 'from' ti Gẹ̀ẹ́sì náà dání, ó sì bá àṣà wa mu, nítorí ohùn ni àwa fi ń mọ ìṣọ̀kan. Ẹni tó ṣe 'dissent' yọ ohùn, kò yọ ẹsẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ló ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe láàrin àwọn àgbà, yóò ní, 'Tótó, ó ṣe bí òwe o,' àwọn àgbà yóò sì dáhùn pé yóò rí òmíràn pa. Kí ni ìyẹn bí kì í bá ṣe àga tí a gbé kalẹ̀ fún ohùn kékeré? Àwọn agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn: kí wọ́n tó sọ pé adájọ́ ṣìnà, wọn yóò kọ́kọ́ ní 'with respect'. Ọ̀wọ̀ ni ìlẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ líle ń gbà wọlé nínú àṣà méjèèjì.

Nítorí náà, bí ọmọ wa tí a bí sí Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà bá ní òun 'disagree', kí a má tètè gbọ́ ọ sí àrífín. Ilé ìwé ló kọ́ ọ pé kí ó sọ èrò rẹ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ tiwa ni kí a fi apá kejì kọ́ ọ: kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, kí ó ní 'Ẹ má bínú, Mọ́mì, bí mo ṣe rí i nìyí,' kí ó gbọ́ ti àwọn tó kù tán, kí ó má sì torí pé ohùn rẹ̀ kò borí fi ilé sílẹ̀. Bí a bá ní kí ó kàn dákẹ́, yóò dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ yóò ti jáde nílé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde.

Bákan náà ni nínú ẹgbẹ́. Gbogbo wa la mọ ẹgbẹ́ tó di méjì, tí méjì di mẹ́rin, nítorí ọ̀rọ̀ owó aṣọ ẹbí tàbí ti ibi tí a ó ti ṣe àjọ̀dún. Bí ìbò bá ti parí, tí ẹnìkan sì ní ohùn òun kò sí níbẹ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú ìdí tó sọ. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta péré ni. Kí alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun náà sì san owó tirẹ̀ bí àwọn tó kù. Lọ́dún tó ń bọ̀, a lè ṣí ìwé náà wò, kí a rí i pé òun ló rí ọ̀nà náà kedere. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, a ṣì wà pọ̀.

Ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Ire o.